Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ méjì ti ya mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oṣù kan àbọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń gbé ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ní púùlù hótẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi ní Garki, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú omi láìdé fìlà. Fìlà kìn-ín-ní tí mo rà ya ní ọjọ́ kẹrin tí mo dé e. Èkejì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ nínú báàgì lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, bí mo sì ti ń rọra là á ni ó fà ya.

Irun dídì ni mo máa ń ṣe, atáṣímẹ́ǹtì sì wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń fi òrí àti àdí àgbọn pa á, nítorí pé ọyẹ́ ìlú yìí kì í fi irun ènìyàn lọ́rùn sílẹ̀. Síbẹ̀, omi ń wọ irun mi bí ẹni pé n kò dé nǹkan kan, eteetí irun iwájú orí mi sì ti ń ro mí bí mo bá ti ṣí fìlà. Ṣé èmi ni n kò mọ fìlà rà ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n dé? Àbúrò mi ní kí n kúkú gé irun náà kúrú; mo dá a lóhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Olùkọ́ Odò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá wa, ẹ sì kú oríire pé ẹ wọ omi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìlú yìí, ìbéèrè yín kì í sì í jìnnà sí etí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìrètí kan kúrò lọ́kàn yín: kò sí fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ kankan tí yóò jẹ́ kí irun wà ní gbígbẹ. Bí orí bá ti ń wọ inú omi tí ó ń jáde, omi yóò gba ìpàkọ́ àti ẹ̀yìn etí wọlé. Iṣẹ́ fìlà ni láti kó irun jọ sójú kan, kí ó má baà bo imú àti ẹnu nígbà tí ẹ bá fẹ́ mí, kí omi tó ní kúlórìnì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi púùlù, má sì máa ṣàn gba inú irun kọjá léraléra. Ní ti òfin tí hótẹ́ẹ̀lì kọ sára ògiri, irun yín kọ́ ni wọ́n ń ṣàánú, ẹ̀rọ wọn ni. Irun tó bá já sínú omi ló ń lọ dí asẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi.

Ohun tí ẹ sọ fi hàn pé fìlà látẹ́ẹ̀sì ni ẹ rà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Oje igi rọ́bà ni látẹ́ẹ̀sì, igi kan náà tí wọ́n ń gbìn ní Oǹdó àti Ẹdó. Ó fẹ́lẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n òróró ni ọ̀tá rẹ̀. Òrí àti àdí àgbọn tí ẹ fi ń pa irun ń wọ inú rọ́bà náà, wọ́n ń mú kí ó wú, kí ó rọ̀, kí ó sì lẹ̀, títí yóò fi fà ya bí ewé ẹ̀kọ. Oòrùn àti ooru náà sì ń bá òróró ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ ro ibi tí báàgì yín ń wà láti ìgbà tí ẹ bá ti jáde nínú omi títí ẹ ó fi dé Kubwa. Bí ó bá jẹ́ pé inú búùtù ọkọ̀ tí a gúnlẹ̀ sínú oòrùn ni, pẹ̀lú aṣọ ìnura tó rin gbingbin, a jẹ́ pé ẹ ti se fìlà yẹn jinná.

Ẹ lọ wá fìlà sílíkónì rà. Ó nípọn ju látẹ́ẹ̀sì lọ, ó sì wọ́n jù ú, ṣùgbọ́n kì í fa irun tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, ooru kì í sì í tètè pa á. Àléébù rẹ̀ ni pé bí èékánná tàbí òrùka bá ti ya á ní bíńtín, ojú ibẹ̀ ni yóò gbà là títí dé òkè, gọ́ọ̀mù tí a ń lò nílé kì í sì í mú un. Ẹ̀kẹta ni fìlà aṣọ tó ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní láíkírà. Ó tu irun lára, ṣùgbọ́n ajere ni lójú omi, kúlórìnì sì máa ń jẹ okùn tó ń fà nínú rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dẹ̀.

Ní ti dídé rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bọ́ òrùka àti yẹtí. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú fìlà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ là á, kì í ṣe ṣóńṣó ìka. Ẹ gbé etí rẹ̀ lé awọ iwájú orí, ní ìsàlẹ̀ ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí etí fìlà bá jókòó sórí eteetí irun gan-an, yóò máa họ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí orí láti mí. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ríro tí ẹ sọ ti ń wá. Ẹ fi ọwọ́ kan di iwájú mú, kí ẹ fi èkejì fa ẹ̀yìn lọ sílẹ̀ títí yóò fi bo ìpàkọ́, tàbí kí ẹ bẹ ẹnìkan pé kí ó bá yín fa ẹ̀yìn. Ẹ fà á bo etí bí ẹni dé abetí-ajá. Fìlà yìí kì í ṣe gọ̀bì tí a ń gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Onídìrí Nyanya

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irun kù síbẹ̀, irun dídì sì ni mo fi ń jẹun.

Irun gbígbẹ dà bí kànìnkànìn: omi tó bá kọ́kọ́ kàn án ló máa fà mu. Bí ẹ bá gbé irun gbígbẹ wọ púùlù, omi kúlórìnì ni yóò mu yó. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi omi mímọ́ rin ín dáadáa, àyè tí yóò kù fún ti púùlù kò ní pọ̀. Omi ẹ̀rọ hótẹ́ẹ̀lì lè má yọ lọ́jọ́ tí iná bá lọ, nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n fi piọ́ wọ́tà kan tàbí méjì sínú báàgì. Ọ̀rá kan tó jẹ́ 50cl tó láti rin irun dídì láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹ bá rọra ń dà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọndíṣọ́nà tó jẹ́ olómi, tí kò ní òróró púpọ̀, pa ìdí irun títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, nítorí pé fìlà kì í dúró lórí ohun tó ń yọ̀.

Ẹ wá wo irú irun tí ẹ ń dì. Bí ó bá jẹ́ ṣùkú ni, òkìtì tó wà láàárín orí yóò ti fìlà sókè, ìpàkọ́ yóò ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni omi yóò máa gbà wọlé bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá kò dára, nítorí pé iwájú ni irun rẹ̀ ń já sí. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni mo máa ń dì fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́: ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ẹ sì lè ká ìrù rẹ̀ jọ sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tí a fi aṣọ wé dì í. Ẹ má fi píìnì kankan há a. Ní ti atáṣímẹ́ǹtì, bí ẹ kò bá lè ṣe aláìfi sí i, ẹ jẹ́ kí ó kéré, kí ó sì kúrú, nítorí pé bí ó bá mu omi tán, yóò wúwo, ọrùn ni yóò sì máa fà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín dì í pé kí ó má fa ti iwájú orí le. Irun tí a dì le, tí a tún wá fi fìlà tó le dé, ni ó ń mú kí iwájú orí ẹlòmíràn pá láìtíì darúgbó. Mo ti rí i lórí obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn tó ń fi rìláásà sí irun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí wọ́n tó wọ púùlù. Gbàrà tí ẹ bá jáde nínú omi ni kí ẹ ti fi omi mímọ́ ṣan irun, kí ẹ má dúró dé ilé. Nígbà tí ẹ bá wá fọ̀ ọ́ tán, tí ẹ ti fi kọndíṣọ́nà sí i, ẹ lè wá fi òrí àti àdí yín pa á ní alẹ́ bí ó bá ṣe wù yín. Ẹ jẹ́ kí òróró máa tẹ̀lé omi.

Bàbá Orí-Dídán

Èmi kò ní irun kankan lórí mọ́, nítorí náà mo lè jẹ́rìí sí ohun tí Olùkọ́ sọ. Fìlà látẹ́ẹ̀sì tó kéré jù lọ lówó ni mo ń dé, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń lò ó. N kò fi òróró pa orí, ojú fèrèsé tí oòrùn kò dé ni mo sì ń ta á sí. Ìyàwó mi béèrè pé kí ni mo ń dé fìlà bò. Mo ní oòrùn aago méjì ọ̀sán ni.

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìlera kún un. Awọ ara àwọn ènìyàn kan kò gba látẹ́ẹ̀sì rárá. Ìyá Kubwa, bí ríro iwájú orí yín bá ní yíyún nínú, tàbí tí ẹ bá rí i pé ara yín ń sú ní ibi tí etí fìlà ń jókòó lé, ẹ dẹ́kun lílo látẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Àwọn tí ara wọn kò gba látẹ́ẹ̀sì lè rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀, píà tàbí ìbẹ́pẹ náà máa ń yún wọn lẹ́nu, nítorí pé àwọn èròjà kan nínú àwọn èso wọ̀nyí jọ ti inú oje igi rọ́bà. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí èémí kò já geere, ilé ìwòsàn ni kí ẹ máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má dúró wò ó. Sílíkónì kò ní oje yẹn nínú.

Fìlà kì í dí etí pa, bí ẹ tilẹ̀ fà á bò ó. Bí omi bá wọ etí, ẹ fi orí gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó ṣàn jáde, kí ẹ má fi igi tàbí òwú tọ́ ọ. Ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ti lu rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó máa ri orí sínú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá fìlà ara yín dé, ẹ má sì gba èyí tí wọ́n ń háyà ní ẹnu ọ̀nà púùlù. Làpálàpá orí àti iná orí kò mọ olówó yàtọ̀.

Àlàájà Lugbe

Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì wa. Èmi ń lọ ní àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi sì ní ìborí tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń dé fìlà sílíkónì sísàlẹ̀, mo sì ń fi ìborí bò ó. Ìborí náà ń yọ̀ lórí sílíkónì títí tí yóò fi ṣí sẹ́yìn, tí mo sì ń fi ọwọ́ kan lúwẹ̀ẹ́, tí mo ń fi èkejì di orí mú. Arábìnrin kan ló kọ́ mi pé kí n yí i padà. Ìborí ni mo ń kọ́kọ́ fà bo irun báyìí, sílíkónì wá jókòó lé e lórí, ó sì dì í mú pinpin. Ẹni tí kì í lo ìborí lè fi láíkírà sísàlẹ̀ lọ́nà kan náà, kò sì sí ohun tí yóò fa irun nígbà tí ẹ bá ń ṣí i.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ pọ́dà. Ẹ da pọ́dà ọmọdé sínú fìlà, kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́ láéláé.

Olùkọ́ Odò

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọn ní ìdajì. Pọ́dà wúlò fún látẹ́ẹ̀sì tí a ti fi omi mímọ́ ṣàn tí ó sì ti gbẹ tinú tẹ̀yìn, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀nba tí a lè gbọ̀n kúrò kí a tó dé e. Bí ẹ bá da pọ́dà sínú fìlà tútù, yóò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà ni yóò sì bá irun lọ sínú púùlù. Sílíkónì kò nílò rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni omi mímọ́ lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a yí inú rẹ̀ síta, kí a tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji, lórí ohun tí kò mú. Ẹ má sá a sórí okùn aṣọ nínú oòrùn, ẹ má sì fi gọ́gùsì (awò ojú ìlúwẹ̀ẹ́) tàbí òòyà sínú rẹ̀ bí ẹni fi ṣe àpò. Bí òróró irun bá ti dà sí i, ọṣẹ ìfọwọ́ olómi díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe blíìṣì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Kí ìyá wa tó lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ìwọ̀n fìlà ṣe pàtàkì. Orí òyìnbó tí irun rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi wọn ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Fìlà kan wà tí ilé iṣẹ́ kan ní Bìrìtìkó ń ṣe, Soul Cap ni orúkọ rẹ̀, tó fẹ̀ tó láti gba irun dídì, irun dàda àti irun tó kún. Ní ọdún 2021, ṣáájú Òlíḿpíìkì Tokyo, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FINA nígbà náà, kọ̀ láti fọwọ́ sí i fún ìdíje, wọ́n ní kò bá bí orí ṣe rí mu. Ọdún yẹn kan náà ni Alice Dearing di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtìkó ní Òlíḿpíìkì, nínú ìdíje oní-kìlómítà mẹ́wàá. Ariwo ta lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Lójú tèmi, orí ta ni wọ́n ní kò bá mu?

Ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe fìlà sílíkónì fún irun gígùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí àpò. Kì í ṣe èyí tó tóbi jù ni kí ẹ mú o. Bí àyè bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, omi yóò kún un, yóò sì bọ́ nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ti ògiri púùlù. Ẹ dì irun yín bí ẹ ṣe máa dì í lọ sómi kí ẹ tó lọ dán an wò.

Ọmọ Jos

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, otútù ni ìṣòro. Ní àárọ̀ oṣù Kìn-ín-ní, fìlà méjì ni mo ń dé: okùn gọ́gùsì wà láàárín wọn, kò sì lè yọ̀. Ẹ̀yin ará Àbújá kò gbọdọ̀ dán an wò ní oṣù Kẹta. Sílíkónì kan ṣoṣo ti tó láti se orí jinná, ẹ sì máa mu omi dáadáa.

Ẹ tún lè pọn omi sínú fìlà, kí ẹnìkan gbé e sókè orí yín, kí ó jù ú sílẹ̀ kí ó dé fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó gé irun kúrú. Ìyàwó mi dán an wò pẹ̀lú irun dídì rẹ̀: ó jókòó gẹ́rẹ́gẹ́ lé àtàrí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò.

Ìyá Kubwa

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì jẹ yín ní gbèsè èsì. Ara mi kò yún, nọ́ọ̀sì wa, ríro lásán ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì fi mí ṣe nǹkan kan rí. Mo ra fìlà sílíkónì onírun-gígùn, mo tú irun, mo sì ní kí wọ́n bá mi di kọ́lẹ́sẹ̀ láìfa iwájú le. Piọ́ wọ́tà méjì ni mo ń gbé dání, ọ̀kan kí n tó wọ omi, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ fún irun àti fìlà. Báàgì kì í wọ búùtù mọ́. Mo ń gbé fìlà wọ ọ́fíìsì, mo sì ń tẹ́ ẹ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà níbi tí ọ̀gá mi kò ní rí i. Omi ṣì ń gba ìpàkọ́ wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú orí kò ro mí mọ́. Ohun kan ló kù: bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ ti ògiri, fìlà yóò yọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo bá fi dé òdì kejì, ó ti kúrò níwájú orí.

Onídìrí Nyanya

Kọndíṣọ́nà ni, àǹtí mi. Ó ti dé awọ iwájú orí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ibẹ̀ àti ẹ̀yìn ọrùn kí ẹ tó dé e, kí ẹ má sì fi ìpara ojú kankan sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá Kubwa

Mo nu ún lónìí. Mo lọ, mo bọ̀ nígbà mẹ́jọ, kò yẹ̀.